Ìwé Havana Kò Pé Láìsí Ẹnu Agboolé Wa

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Òkókómáíkò, tó kọjú sí Àgbádárìgì, tó sì ń lọ títí ó fi dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, yóò bọ́ sí orílẹ̀-èdè tó ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwa níhìn-ín ṣì ń fojú àlejò wò. Lọ́dún 2024, orílẹ̀-èdè Benin ṣòfin pé ọmọ-ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun lè di ọmọ onílùú lọ́dọ̀ wọn, bó bá ti lè mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí náà lè jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí òfin fọwọ́ sí, ó sì lè jẹ́ àyẹ̀wò DNA. Ìwé ìrìnnà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí nínú òfin yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló yẹ kí ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò tẹjú mọ́. Ibo ni ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kú sí oko ìrèké ní Kúbà yóò ti rí ẹ̀rí pé apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un lọ? Èrò tèmi ni pé ìdajì ẹ̀rí náà wà nínú ìwé tí ìjọba Spéìn fi sílẹ̀ ní Kúbà, ìdajì kejì sì wà lẹ́nu àwọn àgbà agboolé wa. Èyí tó wà nínú ìwé ti rí olùtọ́jú. Èyí tó wà lẹ́nu ló ń bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀ lọ. Àwa tí a wà nílé ló yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó wà láàrin wa yìí ló sì yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀.

Kúbà wà lábẹ́ Spéìn títí di ọdún 1898. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti gba òmìnira wọn lọ́wọ́ àwọn Faransé lọ́dún 1804, tí oko ìrèké ibẹ̀ sì ti tú, Kúbà ni àwọn oníṣòwò ṣúgà yíjú sí. Àwọn èèyàn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ síbẹ̀ títí òwò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ lé ní 700,000. Ìgbà tí Kúbà ń wá ẹrú lójú méjèèjì gan-an ni ilẹ̀ Yorùbá ń jó. Afọ̀njá dìtẹ̀ mọ́ Aláàfin lọ́dún 1817, ogun Òwu tẹ̀lé e, Ọ̀yọ́-Ilé sì di ahoro ní nǹkan bí ọdún 1836. Àwọn tí ogun wọ̀nyí kó ni wọ́n ń dè wá sí etíkun ní Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ọ̀sà tó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì wà lára ọ̀nà omi tó so àwọn èbúté wọ̀nyí pọ̀, nítorí náà ìtàn yìí kì í ṣe ti ìlú òkèèrè. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa ní Kúbà, oko ẹrú kò sì dópin níbẹ̀ títí di ọdún 1886. Àgbàlagbà tó wà láàyè ní Havana lónìí lè ní ìyá ìyá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ẹrú.

Ìwé tí ìjọba Spéìn àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò lọ. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Òfin ṣọ́ọ̀ṣì ni pé kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ẹrú, wọ́n sì ya ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn òyìnbó. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n fún ẹni náà, orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ̀yà tí wọ́n ní ó ti wá, àti ẹni tó dúró fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jane Landers ti Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ń ṣáájú ti ń ya àwòrán irú ìwé báyìí ní Kúbà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí Spéìn jọba lé, tí wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni ìwé kọ́ọ̀tù. Lọ́dún 1817, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spéìn ṣàdéhùn pé òwò ẹrú yóò di èèwọ̀ láti ọdún 1820, wọ́n sì dá kọ́ọ̀tù alájùmọ̀ṣe sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana fún ẹjọ́ àwọn ọkọ̀ tí ọwọ́ bá tẹ̀. Láàrin ọdún 1824 sí 1841, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni akọ̀wé kọ́ọ̀tù Havana kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà ìwé náà wà ní ilé ìpamọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ti Havana àti ti Freetown pọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó jẹ yọ lé ní 91,000.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé ìwé Havana náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Akọ̀wé fa ìlà sí i: nọ́ńbà ẹni náà, orúkọ Kristẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, ẹ̀yà rẹ̀, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, àti àmì ara rẹ̀. Àwọn ògbufọ̀ tí wọ́n gbọ́ èdè àwọn tó ń bọ̀ ni wọ́n fi bi wọ́n lórúkọ. Ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn yìí ni wọ́n pè ní ẹni òmìnira, síbẹ̀ wọ́n ṣì pín wọn fún ọ̀gá láti sìn fún ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé wọn kò parẹ́, àmì ojú wọn sì wà lákọsílẹ̀. Bákan náà ni ìwé ọlọ́pàá àti ti kọ́ọ̀tù ọ̀daràn ṣe pa orúkọ mọ́ láìmọ̀. Nígbà tí Carlota, obìnrin Lukumí kan, wà lára àwọn tó ṣíwájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní ilé iṣẹ́ ṣúgà Triunvirato ní Matanzas lọ́dún 1843, ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n mú Juan Nepomuceno Prieto, olórí ẹgbẹ́ Lukumí kan ní Havana, lọ́dún 1835, wọ́n kó ìwé inú ilé rẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n fi fẹ́ dá a lẹ́bi yẹn ni òpìtàn Henry Lovejoy fi kọ ìtàn ayé rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2018.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwé náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ará Kúbà bá tẹ̀ lé ìwé ìrìbọmi láti orí ara rẹ̀ dé orí ìyá rẹ̀, láti ìyá dé ìyá àgbà, ó lè bá a lọ títí yóò fi kan ẹni tí wọ́n gbé wá láti Áfíríkà. Ibẹ̀ ló máa ń dá dúró. Ẹni tó dàgbà kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún un kì í ní orúkọ bàbá tàbí ìyá nínú ìwé. Ohun tó máa wà níbẹ̀ ni “José, Lukumí” tàbí “María, Lukumí.” Nígbà mìíràn, akọ̀wé á fi ọ̀rọ̀ kan kún un: Eyó fún Ọ̀yọ́, Yesá fún Ìjẹ̀ṣà, Eguado fún Ẹ̀gbádò, Iebú fún Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀, Tápà àti Haúsá pàápàá wà tí wọ́n pè ní Lukumí, nítorí pé etíkun kan náà ni wọ́n gbà lọ. Ìwé náà lè sọ agbègbè. Kò lè sọ ìlú, kò sì lè dárúkọ agboolé. Ẹni tó bá sọ fún ará Kúbà pé ìwé nìkan yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀ ń tàn án jẹ ni.

Ibi tí ìwé ti dákẹ́ yìí ni etí àti ẹnu wa ti wúlò. Akọ̀wé tó gbọ́ èdè Spéìn nìkan kò ní lẹ́tà tí yóò fi kọ ṣ tàbí gb, ó sì ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbé. Babaláwo kan wà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tó gbé ní ìlú Regla níbẹ̀, tó sì kú lọ́dún 1905. Remigio Herrera ni ìwé pè é, Adechina ni àwọn tirẹ̀ ń pè é. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò nílò olùkọ́ kankan kó tó mọ̀ pé Adéṣínà ni. Àwọn tó ṣe ibi ìkójọ orúkọ Áfíríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka àwọn orúkọ náà sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ní kí àwọn ará Áfíríkà gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ èdè tó jẹ́. Àmì ara náà ńkọ́? Samuel Johnson to àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́ àti kẹ́kẹ́ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ó sì sọ irú ẹni tó ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà tó bá mọ ìlà ilé rẹ̀ lè wo ohun tí akọ̀wé Havana júwe, kó sì sọ ibi tí ojú kan ti wá. Ẹ wá wò ó, àwọn tó lè ṣe é lónìí ti ń dín kù, nítorí ẹni tó kọlà ti di ẹni àádọ́rin ọdún sókè ní ọ̀pọ̀ ilé.

Pé ọ̀nà yìí ṣeé rìn kì í ṣe àbá lásán. Ní Perico, ìlú kan ní Matanzas ní Kúbà, àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń kọ orin àwọn ìyá ńlá wọn láìmọ ibi tí orin náà ti wá. Òpìtàn kan, Emma Christopher, ya wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kọrin, ó sì gbé fíìmù náà káàkiri Sierra Leone. Ní abúlé Mokpangumba, àwọn ará abúlé dá orin náà mọ̀, wọ́n sì bá wọn kọ ọ́. Fíìmù tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, They Are We, jáde lọ́dún 2013. Ìwé kò dárúkọ Mokpangumba. Ẹnu àwọn tó kù nílé ló dárúkọ rẹ̀. Bákan náà ni ti Àjàyí Crowther. Wọ́n mú un ní Òṣogùn lọ́dún 1821, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún kejì, ó sì bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846. Kì í ṣe ìwé Freetown ló mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó mọ orúkọ ìlú rẹ̀, àwọn èèyàn ilé sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò ní ìwé tí aninilára kọ kò ṣeé gbára lé. Òótọ́ ni pé akọ̀wé Spéìn kò kọ ọ́ nítorí tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni kí ẹrú kan má bọ́ sí ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó sá lọ, kí wọ́n sì mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọsílẹ̀. Irọ́ tó wà nínú ìwé náà máa ń wà níbi ìdájọ́ tó ṣe lórí ìwà àti ẹ̀sìn àwọn èèyàn. Ọjọ́, orúkọ, gíga àti àmì ojú kò ní èrè kankan tó fi yẹ kó parọ́ sí wọn. Ẹlòmíràn á ní, ìgbà tí DNA ti dé, kí la tún ń fi ìwé ṣe? DNA lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan jọ ti àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Kò lè sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́, kò lè sọ ogun tó kó o, ohun tó sì ń sọ náà kò lè kọjá àwọn tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ wọn fi wéra. Àyẹ̀wò àti ìwé jọ ń ṣiṣẹ́ ni, àwọn méjèèjì sì ń dúró de ẹni tó mọ ìtàn ilé.

Àtakò tó wúwo jù ní agbègbè wa kò sí ní yunifásítì, ilẹ̀ ni. Ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ìgbà tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ mọ ìdílé òun, ohun tó ń sọ sí ọ̀pọ̀ olórí ẹbí lọ́kàn ni pé ẹlòmíràn tún ti dé láti bá wọn pín pápá. Ẹ̀rù yìí ní ìdí, ẹni tó bá mọ iye tí ilẹ̀ ń jẹ láti Alábà títí dé Òkókómáíkò kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo òfin. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní orílẹ̀-èdè yìí to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ láti ìgbà náà wá, láìfo ẹnì kan. Ìwé tó ní “María, Lukumí” kò dárúkọ ẹni tó tẹ ibì kankan dó. Kò lè gba plọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkójọ ìtàn tí mo ń sọ yìí pàápàá lè kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tàbí oyè.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jókòó ti àgbà, tí wọ́n sì ń kọ ìran wọn sílẹ̀. Lọ́yà ló ń kọ ọ́, olùpẹ̀jọ́ ló ń sanwó rẹ̀, ìwé náà sì ń gbẹ́yìn sínú fáìlì kọ́ọ̀tù. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú ni ìlà àwọn tó jogún ilẹ̀. Kì í rántí ọmọbìnrin tí wọ́n gbé lójú ọ̀nà odò, kì í rántí àbúrò tó lọ sójú ogun tí kò padà, kì í rántí ẹni tí ilé tà nígbà tí ìyọnu dé. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ará Kúbà ń wá. Bí a bá fi ìtàn ilé wa sílẹ̀ fún ẹjọ́ ilẹ̀ nìkan láti kọ, a ti pa orúkọ wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ìtìjú náà wà. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé òun ta èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni “ọmọ ẹrú” ṣì jẹ́ èébú tó lè dá ìjà sílẹ̀ níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n Àgbádárìgì tí kò jìnnà sí wa ti yan ọ̀nà mìíràn. Ilé tí wọ́n fi ń há ẹrú mọ́lẹ̀ ní agboolé Seriki Abass, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1840, ti di ibi tí àlejò ń wò. Seriki fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil nígbà èwe rẹ̀, tó padà dé, tó sì di olówò ẹrú. Àwọn ọmọ-ìran rẹ̀ kò fi èyí pamọ́, ilẹ̀ kò sì là mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ní Èkó pàápàá, àwọn tó padà láti Kúbà ní ìran níbẹ̀. Orúkọ ìdílé Campos wà lára Campos Square ní Erékùṣù Èkó, Cuban Lodge sì wà ní òpópónà Odunlami. Àwọn wọ̀nyí padà wálé lójú ara wọn. Àwọn tí kò lè padà kò dẹ́ṣẹ̀ kankan tó fi yẹ kí orúkọ wọn jẹ́ ìtìjú fún wa.

Ẹni tó bá ní ìjọba ní nǹkan tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ, ọ̀nà, omi àti ilé ìwòsàn, kò purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò gba owó ọ̀nà. LASU ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn, ó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù wọn lè gba ohùn sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá fi ọjọ́ kan jókòó ti àgbà kan, kó béèrè orúkọ àwọn baba àti ìyá títí dé ìran kẹrin tàbí karùn-ún, oríkì orílẹ̀, òrìṣà ilé, èèwọ̀, ìlà ojú, àwọn orúkọ tó máa ń jẹ yọ nínú ẹbí, ibi tí wọ́n ti ṣí wá àti orúkọ ẹni tó sọnù, àkójọ tó máa ti inú rẹ̀ jáde yóò tó kó ìwé Havana mọ́ra. Kò sì gbọ́dọ̀ mọ sí ti Àwórì nìkan. Òkókómáíkò àti Ìyànà-Ìbà kún fún ọmọ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbádò, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gùn, àwọn ẹ̀yà tí akọ̀wé Kúbà kọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ló ń wọ mọ́tò kan náà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Agbègbè díẹ̀ ló ní irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì kan. Kì í ṣe ará Kúbà nìkan ni yóò jèrè rẹ̀ o. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbà lónìí, tí ìmúgbòòrò ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì àti iṣẹ́ rélùwéè ti yí àdúgbò rẹ̀ padà, yóò rí i kà ní ogún ọdún sí i.

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń béèrè pé kí ẹni tó ń rọ́ ọ ṣì wà láàyè. Nítorí náà, mo bẹ Ọlọ́jọ́ ti Ọ̀jọ́ àti Oníbà ti Ìbà pé kí wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ yìí, kí àwọn olórí ẹbí lè ṣílẹ̀kùn láìbẹ̀rù. Mo rọ àwọn aláṣẹ LASU pé kí wọ́n fi í sínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń tọ́jú ìwé Kúbà sọ̀rọ̀, kí orúkọ ọ̀dọ̀ wọn àti ti ọ̀dọ̀ wa lè pàdé lójú kan. Ìwọ òǹkàwé, má dúró de yunifásítì tàbí kábíyèsí. Tẹ àgbà ilé rẹ láago lónìí, bi í ní orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ àti orúkọ ẹnikẹ́ni tó jáde nílé wọn tí kò padà, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.